Ìwé Ẹ̀rù Nínú Fáìlì Àga

Èmi ni mo fi ìwé náà sílẹ̀ nínú fáìlì. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá fi ìgbádùn rẹ̀ ṣáájú, n ó kàn máa yí ọ̀rọ̀ náà ká ni, ẹni tó ń kà á yóò sì rò pé bàbá àgbàlagbà kan ló jẹ̀bi. Bàbá ò jẹ̀bi. Èmi ni mo jẹ̀bi, àwọn ni wọ́n jìyà, ohun tí wọ́n sì pàdánù ju iṣẹ́ lọ: ìyàwó tí wọ́n ti fẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún ò bá wọn jẹun mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 2013 ni wọ́n gbé mi wá sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Àbújá. Ọmọ Èkìtì ni mí. Kuje ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń gbé mi lọ láàárọ̀, òun ló ń gbé mi bọ̀ nírọ̀lẹ́. Tábìlì mẹ́rin ló wà nínú ọ́fíìsì tí wọ́n fi mí sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń pariwo láìmú ohunkóhun tutù. Dúrọ́ọ̀ tábìlì tèmi ò ní kọ́kọ́rọ́. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n bá mi tún un ṣe, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nínú fáìlì. Ibẹ̀ náà ló wà títí mo fi kúrò nínú ọ́fíìsì yẹn.

Ìsàlẹ̀ ilé ni rẹ́jísírì wà, yàrá tí wọ́n ń kó gbogbo fáìlì sí. Bàbá ni olórí ibẹ̀. Ará Kogi ni wọ́n, ọmọ Okun, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ súẹ́tà nínú ooru. "Òkun o" ni wọ́n fi ń kí wa láàárọ̀, "Òkun o" náà ni lọ́sàn-án, a sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ní ìlú tiwọn, oòrùn ò mọ ìgbà tó yẹ kó wọ̀. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín. Kò sí fáìlì tí wọn ò mọ ibi tó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti so láti ayé àwọn ológun.

Lọ́jọ́ kan mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gba fáìlì lọ́wọ́ wọn. Mo bá wọn tí wọ́n tẹrí ba fáìlì kan tó ṣí sílẹ̀, wọ́n la ẹnu, wọn ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Bàbá fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ìgò ojú wọn fi bọ́ sílẹ̀.

"Kí ló wà nínú fáìlì yẹn tó bà yín lẹ́rù báyìí, sà?"

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá rọra yí fáìlì náà sọ́dọ̀ mi. Ìwé ìtàn ni. Mo mọ ẹni tó kọ ọ́ kí n tó ka àkọlé rẹ̀, torí orúkọ ọkùnrin yẹn máa ń tóbi ju àkọlé lọ lára ìwé rẹ̀. Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, sà?" Wọ́n ní, "Ìwọ náà?" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé méjì tó pàdé ara wọn nídìí ìkòkò ẹran.

Òyìnbó ni òǹkọ̀wé náà, ìtàn ẹ̀rù ló ń kọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó ń kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí èèyàn tó parí ọ̀kan, òmíràn ti jáde. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń ka ìwé rẹ̀, lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé èmi nìkan ni àrùn náà mú láàárín àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé. Kò mọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi di mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ìjẹ̀bú, wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó lókè pátápátá. Òun ní ó dájú pé òǹkọ̀wé yẹn ò ní ìyàwó, nítorí ìyàwó wo ni yóò jẹ́ kí ọkọ òun jókòó sídìí ìwé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹni kẹrin ni ọkùnrin Mùsùlùmí kan tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà wa, ará Kogi bíi ti Bàbá. A sọ òǹkọ̀wé náà ní Adẹ́rùbani.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Area 1 ni Bàbá ti ń ra ìwé rẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n á máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ Hausa tó ń tà á á máa sọ fún wọn pé, "Kai, Baba, you don buy this one before!" Òótọ́ ló sì ń sọ.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ìwé kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́rin la ó kà á, ibi iṣẹ́ la sì wà. Bàbá ló ronú ọgbọ́n tí a dá. Ní iléeṣẹ́ ìjọba, ìwé kì í dá rìn. Inú fáìlì ni yóò wà, wọ́n á so ojú ewé kan mọ́ iwájú rẹ̀, gbogbo ẹni tí fáìlì bá dé ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ ohun tó rí síbẹ̀, yóò sì tì í sí ẹni tó kàn. Míníìtì là ń pè é. Bàbá wá fáìlì kan tí wọ́n kọ "Àtúnṣe Àga àti Tábìlì" sí lára, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè fáìlì yẹn rí. Wọ́n ki ìwé Adẹ́rùbani bọ àárín lẹ́tà mẹ́ta tó ti pọ́n. Wọ́n so ojú ewé funfun mọ́ iwájú. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ kọ orúkọ. Àwọn ni Ẹni Kìíní, ọ̀rẹ́ mi ni Ẹni Kejì, ọkùnrin kọ̀ǹpútà ni Ẹni Kẹta, èmi ni Ẹni Kẹrin.

Gẹ̀ẹ́sì ìjọba la fi ń kọ ọ́, èyí tó le koko bí búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó sì ń pa wá lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹni Kejì á kọ ọ́ pé òun ti yẹ ojú ewé kọkànlélọ́gọ́rin wò, òun sì gba Ẹni Kẹta nímọ̀ràn pé kó má kà á nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Fún ìgbésẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni Kẹta á dá a lóhùn nísàlẹ̀ rẹ̀ pé a ti rí ìmọ̀ràn yín, ó dé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán a máa ń pàdé nínú rẹ́jísírì, a ó máa jà. Ọ̀rẹ́ mi máa ń ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn ṣáájú, ó ní òun ò lè bá ẹni tí yóò kú ṣọ̀rẹ́. Ọkùnrin kọ̀ǹpútà á ní irọ́ ni Adẹ́rùbani ń pa, pé àlùjànnú kì í hùwà bẹ́ẹ̀. Bàbá ló máa ń parí ìjà. Wọ́n á fi Yorùbá tún ibi tó dẹ́rù bani jù sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìgbé ohùn sókè, ara wa á bù máṣọ ní ọ̀sán gangan.

Mo fẹ́ràn wákàtí yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ní àwọn ọdún náà, wọ́n ń fi dígí wá bọ́ǹbù lábẹ́ mọ́tò wa ní géètì, wọ́n ń tú báàgì wa, bí wọ́n bá gbá ilẹ̀kùn dé lẹ́ẹ̀kan gbogbo ọ́fíìsì á dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ń fi àdúrà lé ẹ̀rù. Nílé, a ń ṣe bí ẹni pé kò sí. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti lè sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, tí àwọn èèyàn á sì sọ pé "èmi náà," ni inú rẹ́jísírì yẹn, lórí ọ̀rọ̀ òkú tí kò sí níbì kankan.

Òfin méjì ni Bàbá fún wa. Àkọ́kọ́, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni fáìlì náà gbọdọ̀ máa lọ. A kì í gbé e sílẹ̀ kó sùn sórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Èkejì, ní ọjọ́ Ẹtì, kí a tó ṣíwọ́, yóò padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin wọn tó ní àgádágodo. Wọ́n mọ irú ilé tí a ń bá ṣiṣẹ́.

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi pé ìwé òkú ò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Ó ní ohun tí èèyàn bá ń kà ni yóò máa wá a wá. Nítorí náà ọ́fíìsì nìkan ni mo ti ń kà á, díẹ̀díẹ̀, ojú ewé mẹ́wàá níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ Ẹtì tí mò ń sọ yìí, ìtàn agbẹ́lẹ̀-òkú kan ló wà nínú fáìlì. Wọ́n ya òkú kan sí ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n fi aṣọ funfun dì í láti orí dé ẹsẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó ku ogójì ojú ewé kí n parí rẹ̀. Bí mo bá dá a padà, ọ̀rẹ́ mi ló kàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, n ó sì dúró ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Bàbá yọjú sí mi nígbà tí a fẹ́ ṣíwọ́. "Fáìlì dà?"

Mo ní, "Mo ti gbé e lọ sókè fún Ẹni Kejì, sà. Ó ní òun á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tòun."

Irọ́ ni. Ó jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí mo bá ń sọ fún ọkọ mi pé bọ́ọ̀sì ló pẹ́. Bàbá ní, "Ó dáa, Òkun o," wọ́n sì lọ. Mo ki fáìlì náà sábẹ́ àwọn fáìlì yòókù lórí tábìlì mi, mo ní kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé dírẹ́kítọ̀ wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ti tó oṣù méjì tí ó ti wà lẹ́nu àìsàn, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Maitama. Wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dùn ún, wọ́n tún ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lábẹ́lẹ̀. Ó dé ọ́fíìsì láàárọ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀, àga ò gbà á. Dókítà ti sọ fún un pé kó wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó pe mẹ́séńjà rẹ̀, ó ní kó lọ gba fáìlì àga wá.

Mẹ́séńjà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Bàbá. Bàbá ní kó dúró díẹ̀, àwọn á wá a. Wọ́n sáré gun àtẹ̀gùn lọ bá ọ̀rẹ́ mi lókè láti yọ ìwé náà kúrò, níbi tí mo ní ó wà. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò rí fáìlì kankan. Nígbà tí Bàbá ṣì wà lókè, mẹ́séńjà tó ti dúró títí tó ti sú u gba iwájú ọ́fíìsì wa kọjá, ó rí igun fáìlì náà àti àkọlé rẹ̀ lórí tábìlì mi, ó fà á yọ, ó gbé e lọ. Èmi ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn sójà ti dá wa dúró lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, mo sì ń ronú ohun tí agbẹ́lẹ̀-òkú yẹn yóò bá nínú kòtò.

Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dírẹ́kítọ̀ pariwo. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, tó ní kí wọ́n gbé fáìlì àga wá fún òun, ló ṣí i tó rí òkú lórí àga. Ó wo iwájú, ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́rin, Ẹni Kìíní, Ẹni Kejì, Ẹni Kẹta, Ẹni Kẹrin, kò sí orúkọ. Nílẹ̀ wa níbí, ta ni wọn yóò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní gbà pé àrokò ikú ni?

Mo pàdé Bàbá lórí àtẹ̀gùn, dírẹ́kítọ̀ ti ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "O ní o ti gbé e fún un." Kì í ṣe ìbéèrè. Wọ́n wá ní, "Lọ jókòó," wọ́n sì gòkè lọ.

Mo lọ jókòó. Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi jókòó.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kalẹ̀. Bàbá sọ fún wọn pé àwọn ló ni ìwé, àwọn ló ni èrò náà, ìwé ìtàn lásán ni, àwọn ò sì ní dárúkọ ẹnì kankan. Ìgbìmọ̀ bi wọ́n pé ẹgbẹ́ wo ni. Bàbá ní ẹgbẹ́ òǹkàwé ni. Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà fi Bíbélì sórí tábìlì láti ìgbà náà lọ. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kọ̀ǹpútà wá bá èmi àti ọ̀rẹ́ mi.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn. Àwa mẹ́ta. Novel ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi wá ṣe?"

Ọ̀rẹ́ mi ti dìde. Èmi ni mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo ní oṣù tó ń bọ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ìgbéga mi. Mo ní ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù ná, bó bá tutù a ó lọ. Mo ní àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé kí wọ́n máa pè mí ní ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn? Mo mọ ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí kò yẹ. Wọ́n gbọ́ tèmi. Nígbà tí wọ́n pín ìwé fún gbogbo ẹ̀ka pé kí olúkúlùkù kọ ohun tó mọ̀, mo kọ ọ́ pé mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lẹ́tà ńlá ńlá ni mo fi kọ ọ́, kí wọ́n má baà dá ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ̀. Lára gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló ń tì mí lójú jù, nítorí ìbẹ̀rù lè mú èèyàn dákẹ́, ṣùgbọ́n èmi jókòó, mo ronú, mo sì yan irú lẹ́tà tí n ó lò.

Wọ́n gbé Bàbá lọ sí ọ́fíìsì wa kan ní òkè àríwá lọ́hùn-ún, irú ibi tí wọ́n ń rán èèyàn lọ bí wọ́n bá fẹ́ kó fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ku ọdún méjì kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n dá nìkan lọ, wọ́n fi ìyàwó wọn sílẹ̀ ní Kabusa níbi tí wọ́n kọ́lé sí. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí dírẹ́kítọ̀ kú ní ilé ìwòsàn kan náà ní Maitama.

Ó ti ń ṣàìsàn. Gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Àwọn awakọ̀ ń sọ ọ́, àwọn tó ń gbálẹ̀ ń sọ ọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní àárọ̀ á ti gùn sí i kó tó di ọ̀sán. Awakọ̀ dírẹ́kítọ̀ àti ìyàwó Bàbá jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe dé Kabusa.

Ìyá náà wá sí iléeṣẹ́ wa. Mi ò rí wọn rí. Obìnrin kúkúrú, aláwọ̀ dúdú, tó di gèlè kékeré mọ́ orí. Wọ́n ń ti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, wọ́n ń béèrè. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ àti bàbá yín jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ? Má fi pamọ́ fún mi."

Mo ní, "A ò mọ̀ o, mà. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo gba ìgbéga mi. Ọkùnrin kọ̀ǹpútà fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n kò dúró bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Adẹ́rùbani ò dúró dè wá, ó ń kọ tirẹ̀ lọ. Bí mo bá rí ìwé rẹ̀ nílẹ̀ ní Area 1, n ó kọjá sí òdì kejì títì. Kì í ṣe òkú ló ń bà mí lẹ́rù mọ́. Mo máa ń jí ní Kuje, n ó máa gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ fún ìyá àgbà kan pé kó máa gbàdúrà.

Nígbà tí mo gbọ́ pé Bàbá ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti padà sí Kabusa, mo tún fi oṣù mẹ́rin sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo lọ nígbẹ̀yìn, mo gbé ọsàn àti búrẹ́dì dání. Mo bá Bàbá lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, wọ́n ń gbé ìkòkò kékeré kan lé orí sítóòfù kẹrosíìnì. Wọ́n ti rù sí i. Wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Òkun o," bí ẹni pé àná la ríra.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń se oúnjẹ, sà?"

"Èmi ni mò ń se tèmi." Wọ́n fi orí júwe ilé. "Ìyá kì í jẹ ohun tí mo bá fọwọ́ kàn. Ife omi wọn lọ́tọ̀, tèmi lọ́tọ̀. Wọn ò lé mi jáde o. Wọ́n ní ilé ọmọ àwọn ni."

Ni mo bá ní Adẹ́rùbani tún ti kọ méjì. Ojú wọn là. Wọ́n ní mẹ́ta ni, àwọn ti ka ọ̀kan níbi tí wọ́n rán àwọn lọ, ó dáa ju ti agbẹ́lẹ̀-òkú lọ fíìfíì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi ti rẹ́jísírì, mo sì gbọ́ ọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

Wọ́n ní, "Dìde. Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ mi, sà?"

Wọ́n ro ọbẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Mo rò pé o máa wá. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ni mò ń wò ó." Wọ́n pa sítóòfù. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún. Èmi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀." Wọ́n gbé ohùn sókè, wọ́n pe ìyàwó wọn síta.

Ìyá jáde, wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò sún mọ́ wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Mo sọ ti ọjọ́ Ẹtì, irọ́ tí mo pa, ogójì ojú ewé, àwọn lẹ́tà ńlá ńlá. Mo ní ìwé ìtàn lásán ni, Bàbá ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, èmi ló yẹ kí wọ́n fìyà jẹ. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn láti Kuje wá.

Ìyá gbọ́ mi tán.

"Ìwọ ni mo bi léèrè," wọ́n ní. "O ní kí n máa gbàdúrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ forí jì mí."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Èèyàn ò lè jókòó ro irú irọ́ báyìí." Ara mi ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n yí padà sí ọkọ wọn. Ohùn wọn ò le rárá. "Ọdún méjì lẹ fi jìyà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín ní apànìyàn. Ẹ jẹ́ kí èmi náà pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹ ò dárúkọ obìnrin yìí fún ìgbìmọ̀, ẹ ò dárúkọ rẹ̀ fún mi nínú yàrá. Kì í ṣe ìyàwó yín. Kì í ṣe ọmọ yín. Kí wá ni ó jẹ́ sí yín?"

Mo ń wo Bàbá kí wọ́n fèsì, kí wọ́n sọ èyíkéyìí tó bá ti jẹ́, nítorí èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Bàbá ń wo ìkòkò. Ìyá yí padà, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì síta.